Èbu inú ilé lẹ́yìn omíyalé

Èbu inú ilé lẹ́yìn omíyalé ni èbu tí ó máa ń hù sára ògiri, àjà, igi, aṣọ, ìwé àti àwọn ẹrù mìíràn nígbà tí omi ìjì, àgbàrá òjò tàbí òrùlé tí ó jò bá ti mú kí inú ilé rin gbindin. Èbu kì í ṣe ewéko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹranko. Inú ìdílé kan náà ni òun àti olú wà, ìdílé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní fúngọ́ọ̀sì. Kò sí ilé tí irúgbìn rẹ̀ kò sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri. Omi ni ó ń sọ irúgbìn yìí di wàhálà. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn àwọn àjọ ìlera fi dúró lórí ohun méjì: kí a mú ilé àti ẹrù gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn tí omi bá wọlé, kí a sì yọ èbu tí ó bá ti hù kúrò pátápátá, dípò kí a fi ọ̀dà tàbí oògùn bò ó mọ́lẹ̀.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe bu ni Yorùbá ń lò fún ohun tí èbu bá bò. Bí búrẹ́dì bá pẹ́ nínú ọ̀rá, tàbí bí èlùbọ́ kò bá gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́, a máa ń sọ pé ó ti bu. Ọ̀rọ̀-orúkọ èbu bá ọ̀rọ̀-ìṣe yìí tan. Èbu yàtọ̀ sí ìpẹtà, tí ó jẹ́ ti irin. Ó tún yàtọ̀ sí ohun funfun bí iyọ̀ tí ó máa ń yọ sára ògiri búlọ́ọ̀kù. Iyọ̀ ni ti tòótọ́: inú sìmẹ́ńtì àti inú ilẹ̀ ni omi ti ń gbé e jáde bí ògiri ṣe ń gbẹ. Bí a bá wọ́n omi díẹ̀ sí i, iyọ̀ yóò yọ́, ṣùgbọ́n èbu kò ní yọ́.

Bí èbu ṣe ń hù

Irúgbìn èbu kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Bí irúgbìn kan bá balẹ̀ sórí ohun tí ó tutù, yóò yọ fọ́nrán tín-ín-rín jáde. Fọ́nrán yìí ń wọ inú ohun tí ó hù sí, ó ń yọ́ ọ, ó sì ń fa oúnjẹ jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tí èbu bá dàgbà tán, yóò so ẹgbàágbèje irúgbìn tuntun tí afẹ́fẹ́ yóò tún gbé lọ sí yàrá mìíràn. Àwọ̀ dúdú, àwọ̀ ewé tàbí funfun tí ojú ń rí lára ògiri jẹ́ àkójọ fọ́nrán àti irúgbìn wọ̀nyí.

Ohun mẹ́rin ni èbu nílò:

• Irúgbìn. Èyí wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, kò sì sí bí a ṣe lè lé gbogbo rẹ̀ jáde nílé.
• Oúnjẹ. Igi, pílíwúùdù, páálí, ìwé, aṣọ òwú, awọ àti eruku jẹ́ oúnjẹ fún un. Sìmẹ́ńtì, gíláàsì àti irin kì í ṣe oúnjẹ èbu, ṣùgbọ́n eruku àti ọ̀dà tí ó wà lára wọn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
• Ooru. Ìwọ̀n ooru tí ó tẹ́ ènìyàn lọ́rùn nínú ilé ni ó tẹ́ ọ̀pọ̀ èbu lọ́rùn pẹ̀lú.
• Omi. Èyí lè jẹ́ omi tí ó dà sílẹ̀, omi tí ògiri ti mu, tàbí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi nìkan ni agbára onílé ká ní ti gidi. Àjọ tí ó ń dáàbò bo àyíká ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (EPA) dámọ̀ràn pé kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé má ṣe tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ìdá 30 sí 50 ni ó dára jù.

Àwọn èbu tí a sábà máa ń bá nínú ilé ni Cladosporium, Penicillium, Aspergillus àti Alternaria. Stachybotrys chartarum, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní èbu dúdú, fẹ́ràn páálí, ìwé àti pílíwúùdù tí omi kò kúrò lára wọn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, bí a bá rí i, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ibẹ̀ ti tutù tipẹ́.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé

Omi tí ó wọ ilé kì í ṣe irú kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra. Omi òjò tí ó gba ojú páànù tí ìjì ṣí wọlé mọ́ ju omi àgbàrá lọ, ṣùgbọ́n àjà ni ó sábà máa ń bà jẹ́, níbi tí èbu ti lè hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Omi àgbàrá tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ti kó ẹrẹ̀, epo, ìgbẹ́ àti omi ṣọ́kàwéè mọ́ra. Ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá rin, tí kò sì ṣeé fọ̀ dénú, kò yẹ kí a tún lò ó, ìbáà jẹ́ pé èbu kò tíì hù sí i. Irú kẹta ni omi tí ògiri ń fà mu láti inú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ìta bá rin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, omi yóò máa gun ògiri díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ yóò fi máa wú, tí yóò sì máa ṣí.

Àmì tí a fi ń dá a mọ̀

Òórùn sábà máa ń ṣáájú ojú. Òórùn bíi ti ilẹ̀ tútù tàbí ti aṣọ tí a ká pamọ́ láìgbẹ jẹ́ àmì pé èbu wà nítòsí, àní bí a kò bá tilẹ̀ rí i. Àwọn àmì mìíràn ni àbàwọ́n tí ó ń fẹ̀ lójú àjà, ọ̀dà tí ó ń ṣí, pílíwúùdù tí ó ń wú àti ilẹ̀kùn tí kò padé mọ́. Àwọn ibi tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, abẹ́ rọ́ọ̀gì, ìsàlẹ̀ fóòmù, inú dúrọ́ọ̀ àti òkè àjà.

Kò pọn dandan kí a mọ orúkọ èbu kí a tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Àjọ tí ó ń rí sí ìkápá àti ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà (CDC) kò dámọ̀ràn àyẹ̀wò láti mọ irú èbu tí ó wà nínú ilé, nítorí pé ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: kí a yọ ọ́, kí a sì wá orísun omi rẹ̀ dí.

Ewu fún ìlera

Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí ọ̀rinrin àti èbu inú ilé. Ìwé náà fi hàn pé àwọn tí ń gbé inú ilé tí ó tutù tí ó sì bu máa ń ní ìṣòro èémí àti ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, ju àwọn tí ilé wọn gbẹ lọ. Àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ ni ikọ́, imú tí ó ń ṣomi tàbí tí ó dí, ojú tí ó ń yún ni, ọ̀fun tí ó ń dunni, èémí tí ó ń han, àti ara yíyún.

Kì í ṣe ara gbogbo ènìyàn ni èbu máa ń bá jà bákan náà. Àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù ni:

• àwọn tí ó ní ikọ́ fée tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn;
• àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó;
• àwọn tí èbu jẹ́ ohun tí ara wọn kò gbà;
• àwọn tí agbára ìdènà àrùn ara wọn ti dínkù, bí àwọn tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún.

Fún ìsọ̀rí tí ó kẹ́yìn yìí, èbu bí Aspergillus lè hù nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, àìsàn náà sì lè pa ènìyàn. Kò yẹ kí wọ́n wọ ilé tí ó bu, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n kópa nínú ìmọ́tótó rẹ̀.

Èrò kan tí ó tàn kálẹ̀ ni pé èbu dúdú nìkan ni ó léwu. Ní ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, láàárín ọdún 1993 sí 1994, ẹ̀jẹ̀ dà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ọwọ́ kan, wọ́n sì kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru Stachybotrys. Nígbà tí CDC tún ìwádìí náà yẹ̀ wò, ó kéde ní ọdún 2000 pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àwọ̀ èbu kò sọ bí ewu rẹ̀ ti tó. Èyíkéyìí nínú wọn lè da ara láàmú bí ó bá pọ̀ nínú ilé, èyíkéyìí nínú wọn ni ó sì yẹ kí a yọ kúrò.

Ewu mìíràn wà nínú oúnjẹ. Aspergillus flavus máa ń hù sára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ, ó sì ń pèsè májèlé kan tí a ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè àti dídín kò mú májèlé yìí kúrò tán. Nítorí náà, àgbàdo, ẹ̀pà, èlùbọ́, gàrí tàbí ẹ̀wà tí omi àgbàrá bá kàn, dídà ni kí a da á nù. Sísá oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sóòrùn kò sọ ọ́ di ohun jíjẹ.

Ìgbésẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá fà

Ààbò kí a tó wọlé

Kí a tó ronú nípa èbu, ó yẹ kí a rí i dájú pé ilé náà ṣeé wọ̀. Ògiri alámọ̀ tí omi ti rin máa ń pàdánù agbára rẹ̀, ó sì lè wó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí omi ti lọ. Bí ògiri bá sán tàbí tí ó tẹ̀, kí a dúró síta kí a sì pe ẹni tí ó mọṣẹ́ ilé kíkọ́. Kí a pa iná mọ̀nàmọ́ná níbi mítà bí ọwọ́ bá lè tó o láìdúró nínú omi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ oníná ni. Ìta gbangba ni a gbọ́dọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, nítorí pé carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn kíákíá.

Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ níbi tí ó bu nílò ìbọ̀wọ́ onírọ́bà, bàtà òjò, awò tí ó bo ojú dáadáa, aṣọ alápá gígùn, àti ìbòmú irú N95. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá irúgbìn èbu dúró. Ó tún dára kí a ya fọ́tò gbogbo ohun tí ó bàjẹ́ kí a tó kó o dànù, nítorí ọ̀rọ̀ ìbánigbófò, ìrànwọ́ ìjọba tàbí àdéhùn láàárín onílé àti ayálégbé.

Mímú ilé gbẹ

Wákàtí 48 àkọ́kọ́ ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ tí ó kù yóò ti pọ̀ tó. Kí a gbọ́n omi jáde, kí a kó ẹrẹ̀ kúrò nígbà tí ó ṣì rọ̀, kí a sì kó gbogbo ẹrù tí ó tutù bọ́ síta. Kí a ṣí ilẹ̀kùn, fèrèsé, dúrọ́ọ̀ àti wọ́dúróòbù sílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ìta bá gbẹ ju ti inú lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí ní òru tí ìrì ń sẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta lè gbé ọ̀rinrin wọlé, kí a sì ti fèrèsé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Fáànù wúlò púpọ̀ bí èbu kò bá tíì hù. Ojú fèrèsé ni ó dára kí a gbé e sí, kí ó kọjú síta, kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ tútù jáde. Bí èbu bá ti hù, kò yẹ kí a tan fáànù sí i, nítorí yóò fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká gbogbo yàrá.

Ògiri máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ihò ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé ní Nàìjíríà, omi sì lè wà nínú ihò náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ojú ògiri ti gbẹ. Láti dán an wò, a lè fi téèpù lẹ ọ̀rá tí ó mọ́ gaara mọ́ ògiri ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní etí rẹ̀ gbogbo títí di ọjọ́ kejì. Bí ìkán omi bá hàn lẹ́yìn ọ̀rá náà, ògiri kò tíì gbẹ, kò sì yẹ kí a kùn ún.

Ohun tí ó ṣeé gbà là àti ohun tí ó yẹ kí a dànù

Ìlànà tí a ń tẹ̀lé ni pé ohun tí omi kò lè wọ inú rẹ̀ ṣeé fọ̀. Ohun tí omi àti èbu ti wọ inú rẹ̀ kò ṣeé fọ̀ tán.

• A lè fọ̀ ọ́: irin, gíláàsì, táìlì, ike, àwo tánganran àti igi líle tí kò jẹrà.
• A lè fọ̀ ọ́ bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀: aṣọ, aṣọ ìbora àti kọ́tìnì. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí a lò, kí a sì sá wọn sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ kanra.
• Ó yẹ kí a dà á nù: fóòmù, ìrọ̀rí, àga onítìmùtìmù, rọ́ọ̀gì tí omi àgbàrá rin, àjà tí a fi páálí tàbí pílíwúùdù ṣe, àti páálí ìkẹ́rù.

Ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìdílé wà ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀, nítorí pé wọn kò ní ìpààrọ̀. Bí kò bá sí àyè láti tẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ ní ọjọ́ náà, a lè fi ọ̀rá wé wọn kí a sì kó wọn sínú fìrísà. Òtútù kì í pa èbu, ṣùgbọ́n ó ń dá a dúró títí àyè yóò fi yọ. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ilé ìkàwé ń gbà gba ìwé là lẹ́yìn omíyalé.

Fífọ èbu kúrò

EPA sọ pé bí ibi tí ó bu kò bá ju nǹkan bí mítà kan níbùú àti lóròó lọ, onílé lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí omi ìgbẹ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sàn kí a wá ẹni tí ó mọṣẹ́. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ pàtàkì. Kí a kọ́kọ́ rin ibẹ̀ díẹ̀ kí eruku má baà gbéra, kí a fọ̀ ọ́, kí a nù ún, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Kò yẹ kí a fi ìgbálẹ̀ gbá èbu gbígbẹ.

Bílíìsì, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Jik tàbí Hypo, wúlò fún pípa kòkòrò àrùn lórí ohun líle lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ìwọ̀n tí CDC fọwọ́ sí kò ju ife kan, èyí tí ó tó mìlílítà 240, nínú omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4. A kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ amóníà tàbí oògùn ìfọlé mìíràn, nítorí pé gáàsì tí ó máa ń jáde léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ààlà agbára rẹ̀ sì wà: kì í wọ inú igi, páálí tàbí ògiri tó ibi tí fọ́nrán èbu dé. Lẹ́yìn náà, èbu tí ó ti kú ṣì lè fa ikọ́ àti ara yíyún. Nítorí èyí, pípa èbu kò tó; yíyọ ọ́ kúrò ni iṣẹ́.

Ohun kan náà ni a lè sọ nípa ọ̀dà. Kíkun ògiri tí ó bu kò ju pé a fi àbàwọ́n pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èbu yóò máa hù lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà náà yóò sì ṣí. Ó tún ṣe pàtàkì fún ayálégbé láti mọ èyí, nítorí pé yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́yìn ìgbà òjò lè jẹ́ yàrá tí ó bu.

Àjà asbestos

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Nàìjíríà ni àjà wọn jẹ́ asbestos, ohun èlò tí fọ́nrán rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bí a bá fà á símú. Bí irú àjà bẹ́ẹ̀ bá bu, a kò gbọ́dọ̀ ha á, gé e tàbí fọ́ ọ ní gbígbẹ. Ẹni tí ó mọṣẹ́ ni ó yẹ kí ó yọ ọ́ ní odidi, lẹ́yìn tí ó bá ti fi omi rin ín.

Àpẹẹrẹ: New Orleans, 2005

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fi ọ̀rọ̀ èbu lẹ́yìn omíyalé hàn fún gbogbo ayé ni ti ìlú New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ìjì líle Katrina dé etíkun ibẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Àwọn ògiri ìdáàbòbò tí ó dá omi dúró ya, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ilé wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nínú ooru, pẹ̀lú fèrèsé títì, nígbà tí àwọn tí ó ni wọ́n ti sá kúrò nílùú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, CDC àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà ṣe àyẹ̀wò ilé 112. Wọ́n rí èbu pẹ̀lú ojú lásán nínú ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé náà. Nínú ìdá 17, èbu ti bo ilé rẹpẹtẹ. Igi ni férémù ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, a sì fi pátákó jípsọ̀mù tí ìwé bò lójú méjèèjì ṣe ògiri inú wọn. Ìwé yìí ni oúnjẹ fún èbu, àyè tí ó ṣófo láàárín pátákó méjì sì ni ibi tí omi ń fara pamọ́ sí.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kì í ṣe fífọ̀ lásán. Ilé lẹ́yìn ilé ni àwọn onílé àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti já ògiri inú, àjà àti pátákó ilẹ̀ jáde títí ó fi ku férémù igi nìkan. Wọ́n fọ igi náà, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi ògiri tuntun sí i. Àṣà àwọn òṣìṣẹ́ ni láti gé ògiri jípsọ̀mù kọjá ojú ibi tí omi dé, nítorí pé pátákó náà ń fa omi mu lọ sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo.

Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ará Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ṣe lẹ́yìn ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí òjò tí ó rọ̀ ní àwọn ibì kan ní Texas ju mìlímítà 1,500 lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Houston, Yorùbá sì wà lára wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Omíyalé kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi sì tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Ní Èkó, àgbàrá máa ń wọ ilé ní àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà àti níbi tí gọ́tà ti dí. Ìròyìn sábà máa ń ka òkú àti ilé tí ó wó, ṣùgbọ́n èbu tí ń hù nínú àwọn ilé tí kò wó kì í sábà wọ inú ìròyìn.

Àwọn ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà le níbẹ̀. Èkíní, ìgbà òjò gùn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń pọ̀ fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ilé kì í tètè gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbẹ jù, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ lè wà láàárín omíyalé àti ọyẹ́. Èkejì, iná mọ̀nàmọ́ná tí kò dúró kò jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Ẹ̀kẹta, nínú ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra, fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá sábà máa ń ní, ìdílé odindi sì lè máa sùn níbẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tí omi ti kàn. Dída fóòmù nù rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ fún ẹni tí kò ní owó òmíràn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹni tí ó ní ikọ́ fée àti ọmọ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ gbé kúrò lórí rẹ̀.

Oòrùn jẹ́ ìrànwọ́ ńlá níbẹ̀. Sísá ẹrù sóòrùn ń mú omi kúrò nínú rẹ̀ láìná owó, ṣùgbọ́n kì í yọ èbu tí ó ti wọ inú fóòmù tàbí páálí.

Ìtàn

Èbu inú ilé ti pẹ́ nínú ìwé. Ìwé Léfítíkù nínú Bíbélì, orí 14, ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ilé tí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tàbí pupa bá yọ sára ògiri rẹ̀: kí a ti ilé náà fún ọjọ́ méje, kí a yọ òkúta tí ó ní àbàwọ́n, kí a ha ògiri, kí a sì tún un rẹ́, bí àbàwọ́n bá tún yọ, kí a wó ilé náà. Bíbélì Yorùbá pe àbàwọ́n yìí ní ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èbu ni. Èbu kò sì fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀tá: láti ara Penicillium ni Alexander Fleming ti ṣàwárí oògùn penisilíìnì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1928.

Ìdènà

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé omi ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, dídènà omi ni dídènà èbu. Kí ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a:

• yẹ páànù wò, kí a sì dí ibi tí ó ń jò;
• kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, kí a má sì da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá;
• rí i pé ilẹ̀ àyíká ilé dà síta, kí omi má baà dúró lẹ́bàá ìpìlẹ̀;
• gbé wọ́dúróòbù àti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn wọn kọjá;
• kó ìwé pàtàkì sínú ike tí ó ní ìdérí, kí a sì gbé e sí ibi gíga;
• má ṣe sá aṣọ tútù sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Fún ẹni tí ó ń kọ́ ilé ní ibi tí omi ti máa ń dé, kí ó gbé ìpìlẹ̀ sókè, kí ó fi ọ̀rá tàbí ohun mìíràn tí omi kò lè gbà kọjá sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí ó sì lo táìlì àti sìmẹ́ńtì dípò pílíwúùdù àti páálí ní ìsàlẹ̀ ilé. Lẹ́yìn omíyalé, kò yẹ kí a gbé ẹrù padà sínú yàrá títí ògiri, ilẹ̀ àti àjà yóò fi gbẹ, tí òórùn èbu yóò sì ti lọ. Bí òórùn náà bá padà wá, omi ṣì wà níbì kan.

Ẹ tún wo

• Omíyalé
• Fúngọ́ọ̀sì
• Ikọ́ fée
• Aflatoxin
• Penisilíìnì
• Odò Ògùnpa